Arò

Arò (ọ̀rọ̀-orúkọ): orin tàbí ọ̀rọ̀ tí a fi ń dárò òkú. Inú rẹ̀ ni ìdárò ti wá. Ohùn ìsàlẹ̀ ló parí rẹ̀; ẹ má pè é ní aró tí a fi ń rẹ aṣọ.

Ẹkún a máa bú jáde. Arò ni a máa ń tò lẹ́sẹẹsẹ. Bí àpẹẹrẹ, ní ọdún 1854, nígbà tí Michael Arneth, olórí ilé àwọn àlùfáà St. Florian ní ilẹ̀ Austria, kú, olórin Anton Bruckner kọ arò kúkúrú fún ìsìnkú rẹ̀: ohùn ọkùnrin àti fèrè trombone mẹ́ta. Arneth ló gba Bruckner sílé lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Ẹnìkan ló ṣọ̀fọ̀, ọ̀pọ̀ ohùn ló bá a gbé e.