Òkú Ẹ̀rọ Tí Ó Tú Àṣírí Fàyàwọ́

Alákijà, létí FESTAC tí ìjọba kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà ọdún 1977, kò jìnnà sí ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́. Ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì ni ó so wọ́n pọ̀. Ọjà yìí ni ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ti ń bọ́ sọ́wọ́ oníbàárà.

Títa tòkunbọ̀ tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Òkú ẹ̀rọ ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà kí wọ́n kó wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Nítorí náà ni àwọn onífàyàwọ́ fi ń pe òkú ní alààyè.

Greenpeace àti Sky News dẹ pàkúté fún wọn. Wọ́n ba tẹlifíṣọ̀n kan jẹ́ kọjá àtúnṣe, wọ́n fi ẹ̀rọ atọpasẹ̀ pamọ́ sínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ibi ìkó-pàǹtí-sí ní Hampshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dípò kí wọ́n tú u palẹ̀ níbẹ̀, ó bá ọkọ̀ òkun dé Èkó; ọjà Alábà ni wọ́n ti rí i. Oṣù kejì ọdún 2009 ni ayé gbọ́. Ní ọdún 2014, ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì rán oníṣòwò kan lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 16 nítorí irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀ràn náà ju ti owó lọ. Òjé wà nínú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Ẹni tí ń dáná sun wáyà kí ó lè rí bàbà tà ń fa májèlé símú. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n májèlé tí ó ti wọra kì í jáde bọ̀rọ̀.