Oògùn Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀: Ti Ọkọ àti Ti Ìyàwó



Ní ọjọ́ ọjà kan ní Aisegba-Èkìtì, mo gbọ́ tí ìyá kan ń sọ pé dókítà kọ oògùn kan náà fún òun àti baálé òun, ṣùgbọ́n òun kò lo tòun. Ó ní, “Àrùn ọkùnrin ni.” N kò lè bá a wí, nítorí ìtàn oògùn náà ló bí èrò yìí.

Kolẹ́sítírọ́ọ̀lù ni ọ̀rá kan tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, tí ó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn. Ara kò lè ṣe aláìní i. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, a máa lẹ̀ mọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, bí ìdọ̀tí ti ń dí páìpù omi. Bí iṣan tí ń bọ́ ọkàn bá dí, ọkàn lè dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ní 1973, Akira Endo, ọmọ ilẹ̀ Japan, rí èròjà tí ń dín ọ̀rá yìí kù lára ohun tí í hù sórí oúnjẹ tó bá bu. Ní 1987, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí títa èkíní nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀. Statin ni à ń pè wọ́n.

Àwọn wo ni a fi dán ìtọ́jú ọ̀rá yìí wò? Ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 1984, lórí oògùn tó ṣáájú statin: ọkùnrin 3,806, kò sí obìnrin kan. Ti statin ní Scotland ní 1995: ọkùnrin 6,595, kò sí obìnrin kan. Àwọn ará Scandinavia gbìyànjú ní 1994: obìnrin 827 wà nínú ènìyàn 4,444. Ṣé télọ̀ lè wọn ọkọ, kí ó fi gé aṣọ ìyàwó?

Wọ́n ní ọkùnrin ni àrùn ọkàn ń tètè mú. Òtítọ́ wà níbẹ̀: kí nǹkan oṣù tó dúró, ara obìnrin ń pèsè èròjà kan tí ń ràn án lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí ó bá dúró, ọ̀rá náà a máa pọ̀ sí i. Ìdáàbòbò náà kì í ṣe títí láé.

Ní 2015, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 27 jọ, tí ó kan ènìyàn bí 174,000. Wọ́n rí i pé bí ewu bá dọ́gba, statin ń ṣiṣẹ́ fún obìnrin gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe fún ọkùnrin.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ẹni tó lóyún tàbí tó ń fẹ́ lóyún, kí ó sọ fún dókítà. Ẹni tí oògùn bá fún ní ìrora ara, kí ó padà lọ wí i. Kí ó má kàn dá a dúró.