Iyèkan Ló Ni Òkú, Ọ̀rẹ́ Ńkọ́?

Ọ̀rẹ́ kítíkítí, iyèkan kàtàkàtà. Bí ọ̀rẹ́ kítíkítí bá kú, iyèkan kàtàkàtà ni yóò sin ín. Ẹni tó pa ará ilé tì, tó ń bá ọ̀rẹ́ kiri, ni àwọn àgbà sábà máa ń pa òwe yìí fún. Wọ́n ń kìlọ̀ fún un pé bó ti wù kí òun àti ọ̀rẹ́ náà mọwọ́ ara wọn tó, lọ́jọ́ ikú, ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá ni yóò gbẹ́ ilẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ ibì kan wà nínú òwe náà tí a kì í dúró wò. Iyèkan ti ríṣẹ́ ṣe. Ọ̀rẹ́ tó kù sáyé ńkọ́, kí ni tirẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i bí òkú ọ̀hún bá jẹ́ ọ̀gá ẹni àti ọ̀rẹ́ ẹni pọ̀, ẹni tó kọ́ni níṣẹ́, tí a sì tún jọ ń jẹun nínú àwo kan náà. Kò sẹ́ni tó ń pe irú ọmọ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ síbi ìpàdé mọ̀lẹ́bí.

Ní Ìdànrè, ènìyàn kì í pẹ́ rí ìdí tí òwe fi fún iyèkan lágbára tó bẹ́ẹ̀. Orí òkè ni ìlú wà títí di nǹkan bí ọdún 1923, tí àwọn ará ìlú sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Alààyè lè kó kúrò nílé. Òkú kì í kó. Ààfin Ọwá àtijọ́, àwọn ojúbọ, ilé ẹjọ́ àtijọ́ àti ibi ìsìnkú àwọn baba ńlá ṣì wà lókè, wọ́n sì wà lára ohun tí Nàìjíríà tọ́ka sí nígbà tó fi orúkọ Òkè Ìdànrè sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO ní 2007. Ẹni tó bá fẹ́ dé ibẹ̀ yóò gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600. Àwọn kan ní 660 ni, àwọn mìíràn ní 667. Orúnkún kì í béèrè méje tó wà láàárín. Ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ sùn sókè mọ ìdí tí òun fi ń gùn ún. Ta ni yóò bá ọmọ iṣẹ́ wá irú ìdí bẹ́ẹ̀?

Àwọn ọdẹ ti bá a wá a. Lápá Ọ̀yọ́, bí ọdẹ bá kú, ẹbí ni yóò sin ín, kò sẹ́ni tó ń bá wọn du ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò wá ṣí ìpà rẹ̀, ìyẹn ètò ìdágbére tí ọdẹ ń ṣe fún ọdẹ. Ìrèmọ̀jé, ewì arò àwọn ọdẹ, ni wọ́n ń sun níbẹ̀, èyí tí Bádé Àjùwọ̀n kó jọ, tó sì ṣàlàyé nínú ìwé. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ọdẹ tí a kò ṣí ìpà rẹ̀ kò tíì kúrò lẹ́gbẹ́ tòótọ́, kò sì ní ráyè láàárín àwọn ọdẹ tó ti lọ ṣáájú. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé ọ̀tọ̀ ni gbèsè ẹbí, ọ̀tọ̀ ni gbèsè iṣẹ́. Ẹbí mọ olóògbé ní bàbá, ní ọkọ, ní ẹ̀gbọ́n. Àwọn tó bá a wọ igbó lóru ló mọ̀ ọ́n ní ọdẹ, bí wọn kò bá sì sọ ọ́, kò sí ẹlòmíràn tó lè sọ ọ́.

Ògún tó ni ọdẹ náà ni Wọlé Ṣóyínká bá pàdé lórí àpáta Ìdànrè. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tó gun òkè ọ̀hún ni òjò ńlá kan n'Íbàdàn tún jí ìrìn náà dìde nínú rẹ̀, tó fi kọ ewì gígùn tó fi orúkọ ìlú náà pè. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1967. Ọdẹ ni Ṣóyínká fúnra rẹ̀, ó sì dára ká rántí èyí bí a bá ń sọ ohun tó ṣe ní 1987, nígbà tí Fẹ́mi Johnson kú sí Jámánì. Alágbàtà adójútòfò ni Johnson n'Íbàdàn, ṣùgbọ́n òṣèré ni pẹ̀lú: nínú fíìmù Kongi's Harvest tó jáde ní 1970, Ṣóyínká ni Kongi, Johnson ni akọ̀wé. Ọ̀rẹ́ kítíkítí ni wọ́n. Ètò ẹbí ti wà nílẹ̀ láti sin ín sí Jámánì, bí a bá sì tẹ̀ lé òwe, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣóyínká kò gbà. Ó lọ, ó sì gbé òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ bọ̀ wálé. Ó ròyìn rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 2006, You Must Set Forth at Dawn.

Èmi kò ní gba gbogbo ọ̀rẹ́ nímọ̀ràn pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ẹbí du òkú lè dá ìjà tí ọmọ-ọmọ yóò bá nílẹ̀ sílẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, Ṣóyínká gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Ọ̀rẹ́ tí kò lórúkọ bíi tirẹ̀, ta ni ì bá dá a lóhùn?

Ọ̀nà tó rọlẹ̀ jù ni ti Òṣogbo. Susanne Wenger, Adùnní Olórìṣà, tí wọ́n bí ní Graz ní Austria ní 1915, dé Nàìjíríà ní 1950. Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ, ló tọ́ ọ sọ́nà òrìṣà, wọ́n sì di ọ̀rẹ́. Nígbà tó yá, Adùnní náà di ọ̀gá. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kó tó bá a ṣiṣẹ́ ère nínú igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ ogún àjùmọ̀ní aráyé ní 2005. Ní ọjọ́ 12, oṣù kìn-ín-ní, 2009, Adùnní kú. Sìmẹ́ńtì àti amọ̀ ni ọ̀pọ̀ ère ibẹ̀. Òjò ń jẹ wọ́n, èéhù ń bò wọ́n, ẹ̀ka igi ń wó lù wọ́n. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń tún wọn mọ, nítorí pé wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ mọ wọ́n, wọ́n sì mọ ibi tí ó ti ní kí wọ́n wó o, kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀.