Àìsàn MS Nígbà Tí Ọjọ́ Orí Bá Ń Lọ

Bí àgbàlagbà kan bá ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ láti ibùdókọ̀ Pleasure l'Ékòó, làkúrègbé ni ará àdúgbò yóò kọ́kọ́ pè é. Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni. Àmọ́ àìsàn kan wà tó mọ bí a ṣe ń sá pamọ́ sẹ́yìn ọjọ́ ogbó: multiple sclerosis, tí àwọn dókítà ń pè ní MS. Àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ní í máa bá ọ̀rá tó wé mọ́ iṣan ọpọlọ àti ti ọ̀pá ẹ̀yìn jà, ọ̀rá tó dà bí rọ́bà ara wáyà iná. Bó bá ti bó, iṣẹ́ tí ọpọlọ rán kì í dé ẹsẹ̀ mọ́ bó ṣe yẹ. Ojú lè ṣú, ìtọ̀ sì lè di ohun tí ènìyàn kò lè mú mọ́ra.

Dókítà Jean-Martin Charcot ló ṣàlàyé àìsàn yìí yékéyéké ní Paris lọ́dún 1868. Nílẹ̀ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tọpasẹ̀ rẹ̀, ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, láti àwọn ọdún 1960. Ó rí i pé MS ṣọ̀wọ́n, pé neuromyelitis optica, ìbátan rẹ̀ tó ń bá ojú àti ọ̀pá ẹ̀yìn jà, ló wọ́pọ̀ jù ú lọ. Kò tíì sí ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ nígbà náà, àwọn kan lè ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Síbẹ̀, ìwádìí tó jáde lọ́dún 2017 láti ìlà-oòrùn London rí ènìyàn 74 tó ní MS nínú 100,000 aláwọ̀ dúdú, tí ti àwọn òyìnbó jẹ́ 180. Lójú tèmi, bí kò ti ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ lára àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ju ti ẹ̀jẹ̀ lọ: ibi tí ènìyàn ń gbé ń dá sí i.

Láàárín ogún sí ogójì ọdún ni MS sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, yóò kọ luni, yóò sì tún dẹwọ́. Lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, ìkọlù a máa dínkù, àwọn kan á ní ó ti tán. Kò tán o. Ẹsẹ̀ ń wúwo díẹ̀díẹ̀, nítorí ìjà náà ti wọ inú ọpọlọ lọ jókòó, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tún ọ̀rá náà wé sì ti ń falẹ̀.

Ìdí nìyí tí oògùn fi ń ṣojo. Interferon beta dé Amẹ́ríkà lọ́dún 1993, ọ̀pọ̀ sì tẹ̀lé e, àmọ́ ìkọlù ni púpọ̀ nínú wọn ń dènà. Lọ́dún 2017, àwọn kan kó àyẹ̀wò oògùn 38 pọ̀, wọ́n ní bí ọjọ́ orí ṣe ń ga ni àǹfààní ń dínkù, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mọ́ bí ènìyàn bá ti tó nǹkan bí ẹni ọdún 53. Èyí kì í ṣe àyè láti dá oògùn dúró fúnra ẹni: nínú àyẹ̀wò kan lọ́dún 2023 tí wọ́n ṣe fún àwọn ẹni ọdún 55 sókè, àìsàn tún yọjú lára bí méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dá a dúró, àti bí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lò ó lọ.

Ìrètí tuntun wà níbi àtúnwé ọ̀rá náà. Ní Cambridge, Robin Franklin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn lọ́dún 2019 pé metformin, oògùn àtọ̀gbẹ tó wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, mú kí eku tó ti darúgbó tún ọ̀rá náà wé bíi ti ọ̀dọ́. Eku nìyẹn o. Ẹ má torí ẹ̀ lọ ra á.

Bí ẹsẹ̀ bá ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ lọ sí ọsibítù ìjọba Àlímọ̀ṣọ́ ní Ìgándò, kí wọ́n kọ̀wé yín sí dókítà iṣan ní ilé ìwòsàn LASUTH, Ìkẹjà. Bí ojú bá ti ṣú rí lọ́jọ́ èwe, tó sì là padà fúnra rẹ̀, ẹ rí i pé ẹ sọ ọ́ fún wọn.