Oyin Orí Wàláà: Bí Àwọn Júù Ṣe Wá Ọ̀nà Tuntun Láti Kọ́ Ọmọdé ní Ẹ̀sìn

Báwo ni olùkọ́ yóò ṣe mú kí ọmọdé fẹ́ràn ẹ̀sìn àwọn bàbá rẹ̀ nígbà tí ìlú tí ó ń gbé kò ṣe ẹ̀sìn náà? Ìbéèrè yìí ni ìjíròrò yìí dá lé lórí, ó sì ti pẹ́ tí àwọn Júù ti ń wá ìdáhùn rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Jámánì àti ilẹ̀ Faransé, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá àti ìkẹtàlá, àṣà kan wà láàrin wọn tí ó yẹ kí olùkọ́ gbogbo mọ̀. Ní ọjọ́ tí ọmọkùnrin bá kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́, wọn a fi aṣọ bò ó, wọn a gbé e lọ sọ́dọ̀ olùkọ́, olùkọ́ a sì gbé e lé itan. Wàláà tí wọ́n kọ lẹ́tà èdè Hébérù sí ni wọn yóò gbé síwájú rẹ̀. Olùkọ́ a ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ọmọ a kà á tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ yóò ta oyin sí orí lẹ́tà wọ̀nyí, tí ọmọ yóò sì fi ahọ́n lá a. Wọn a tún fún un ní àkàrà olóyin tí wọ́n kọ ẹsẹ Ìwé Mímọ́ sí lára. (Ẹni tí ó bá mọ ilé-kéwú nílẹ̀ Yorùbá, tí ó sì ti rí ọmọ tí ń mu omi tí wọ́n fi fọ wàláà, kò ní í ka èyí sí ohun àjèjì.)

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo ni oyin wà fún. Láti ọjọ́ kejì, àkọ́sórí ni, pàṣán kò sì jìnnà. Ní ìlà-oòrùn Yúróòpù, hédà ni wọ́n ń pe ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, yàrá kan nínú ilé olùkọ́ ni ó sì sábà máa ń jẹ́. Àwọn ọmọkùnrin a jókòó níbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ètò náà ṣiṣẹ́ níbi tí gbogbo àdúgbò ti jẹ́ Júù, nítorí pé ohun tí ọmọ bá kọ́ nínú yàrá náà ni yóò tún bá nílé, lọ́jà àti nínú sínágọ́gù. Ìgbà tí àwọn Júù ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ yí padà.

Ní ìlú Philadelphia, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Júù kò pọ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ọmọ wọn ń sọ. Ní ìlú yìí kan náà ni a ti dá Ẹgbẹ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ti Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní 1824, ẹgbẹ́ Kìrìsìtẹ́nì tí ó ń tẹ ìwé ọmọdé káàkiri. Àwọn ajíhìnrere kò sì fi ìfẹ́ ọkàn wọn pamọ́: wọ́n ń fẹ́ kí ọmọ Júù pẹ̀lú di ọmọlẹ́yìn Jésù. Bí ọmọ kò bá gbọ́ ìtàn Ábúráhámù láti ẹnu àwọn ènìyàn rẹ̀, yóò gbọ́ ọ láti ẹnu ẹlòmíràn.

Obìnrin kan tí kò lọ́kọ, Rebecca Gratz (1781–1869), ọmọ oníṣòwò ọlọ́rọ̀, ni ó dìde sí ọ̀ràn náà. Ní 1819, ó ti wà lára àwọn obìnrin tí ó dá ẹgbẹ́ aláàánú sílẹ̀ fún àwọn Júù aláìní. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1838, ó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan, ọ̀dọ̀ àwọn Kìrìsìtẹ́nì tí ó ń ṣọ́ra fún gan-an ni ó sì ti rí àwòṣe rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń ṣe é, lọ́fẹ̀ẹ́, fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé obìnrin ni gbogbo olùkọ́ ibẹ̀. Títí di ìgbà náà, iṣẹ́ ọkùnrin ni kíkọ́ ọmọ ní Òfin Mósè ní gbangba.

Ìwé kò sí. Nítorí náà, wọ́n mú ìwé ẹ̀kọ́ Bíbélì ti àwọn Kìrìsìtẹ́nì, wọ́n sì lẹ pépà pélébé mọ́ ibi tí kò bá ìgbàgbọ́ Júù mu. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà sọ ìtàn yìí nígbà tí ó dàgbà. Olùkọ́ wo ni kò mọ̀ pé ibi tí a bá lẹ̀ pa gan-an ni ojú ọmọ yóò kọ́kọ́ lọ? Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi ní ìwé tiwọn. Isaac Leeser, tí ó ń darí ìsìn ní sínágọ́gù Mikveh Israel, tẹ ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn fún ọmọdé jáde ní 1839, ó sì fi í bu ọlá fún Gratz. Simha Peixotto, tí ó jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, kọ ìwé kan náà lórí ìtàn Ìwé Mímọ́. Ní Charleston, Sally Lopez dá irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìpẹ́.

Àbùkù ètò náà kò fara sin. Wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀ kò tó láti kọ́ èdè Hébérù. Ọmọ lè sọ ìtàn Mósè láìkọsẹ̀, kí ó sì ṣí ìwé àdúrà kí ó máa wò ó bí ẹni wo ògiri. Síbẹ̀, àìda ni láti di gbogbo ẹ̀bi ru Gratz. Ọ̀pọ̀ nínú ọmọ tí ó kó jọ kò fi ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn mìíràn sílẹ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin pàápàá.

Láti 1881 ni ogunlọ́gọ̀ Júù ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá kúrò ní Rọ́ṣíà wá sí New York, wọ́n sì gbé hédà wọn dání. Ṣùgbọ́n hédà tí ó níyì ní abúlé di yàrá tóóró tí ọmọ ń wọ̀ lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, nígbà tí ó ti rẹ̀ ẹ́, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń ṣeré níta. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí 1909 fi hàn pé kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ Júù ìlú náà tí ó ń gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn kankan.

Samson Benderly ni wọ́n pè ní 1910. Dókítà oníṣègùn ni, a bí i ní ìlú Safed ní 1876, ó sì ti fi ìṣègùn sílẹ̀ ní Baltimore nítorí iṣẹ́ olùkọ́. Èdè Hébérù ni ó fẹ́ kí wọ́n fi kọ́ èdè Hébérù, láìtúmọ̀, bí ìyá ti ń kọ́ ọmọ. Ó mú orin, eré orí-ìtàgé, iṣẹ́ ọnà àti àwòrán tí ẹ̀rọ ń tàn sí ara ògiri wọ inú kíláàsì, ó sì ṣí ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọbìnrin. Àwọn olùkọ́ hédà bínú. Kí ni eré ní í ṣe pẹ̀lú Òfin Ọlọ́run? Ìbéèrè wọn kì í ṣe ti òmùgọ̀, nítorí pé ọmọ lè mọ orin Hébérù kọ láìmọ ìdí tí a fi ń gbààwẹ̀. Ohun tí kò ṣe é jiyàn ni àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ tí Benderly kó jọ, Alexander Dushkin, Isaac Berkson, Emanuel Gamoran àti àwọn mìíràn, tí wọ́n lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Columbia, níbi tí èrò John Dewey ti gbilẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn, Albert Schoolman, dá ibùdó ọmọdé kan sílẹ̀ ní 1919 fún ìsinmi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, Cejwin ni orúkọ rẹ̀. Ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀, ọmọ kì í jáde kúrò ní kíláàsì bọ́ sí ìgboro tí ń sọ ohun mìíràn fún un. Bí oòrùn ọjọ́ Ẹtì bá wọ̀, gbogbo ibùdó ni yóò wọ Sábáàtì, ọmọdé àti olùkọ́ lápapọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìsinmi a parí, wọn a sì kó àwọn ọmọ padà sí New York.