Ara Ń Fu Ẹ̀rọ: Orúkọ Tó Yẹ Àwọn Ẹ̀rọ Ìlera Àlẹ̀mára

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ń ṣàlàyé ìṣègùn ìgbàlódé lórí rédíò, ó wá dárúkọ "ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n rírọ̀ aṣeéwọ̀ fún ìmójútó ìlera". Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kì í ṣe Yorùbá, síbẹ̀ ta ló gbọ́ ọ tó mọ ohun tó ń wí? Inú bí mi, nítorí èdè wa kò tòṣì tó bẹ́ẹ̀.

Awẹ́ ròbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ́ wáyà wúrà tín-ín-rín sí ló ń sọ. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà tàbí apá, á máa ka bí ọkàn ṣe ń lù àti bí ara ṣe gbóná sí. Òmíràn ń ka iyọ̀ àti ṣúgà inú òógùn. Ní 2011 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì John Rogers àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé irú èyí tó ń bá awọ ara fà, tó ń bá a súnkì, jáde nínú ìwé ìròyìn Science.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló nílò àtúnṣe. Bàtìrì, wáyà, fóònù: ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti di ọmọ ilé. Àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà nílẹ̀. Ìmójútó náà dára. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984 kò lè gbà wá níbí, torí èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ló dá lé.

"Rírọ̀" kò tọ́. Ẹ̀kọ rọ̀, ṣùgbọ́n bí o bá tẹ̀ ẹ́, á fọ́. Ohun tí a ń wá ni èyí tí a tẹ̀ tí kò ṣẹ́, tí a fà tí kò já. Àwọn tó ṣẹ̀dá asọ̀rọ̀mágbèsì fún rédíò ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún wa: atẹ̀máṣẹ́, afàmájá. Ọ̀tọ̀ ni ti àkọ́kọ́, ọ̀tọ̀ ni ti ìkejì, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ pàápàá kì í pa wọ́n pọ̀.

"Aṣeéwọ̀" ló dùn mí jù nínú àwọn àṣìṣe kékeré. Yorùbá kì í wọ gbogbo nǹkan. A ń wọ ẹ̀wù, a ń dé fìlà, a ń wé gèlè, a ń ró ìró, a ń sán ìbàǹtẹ́, a ń bọ òrùka sí ìka, a ń so aago mọ́ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ ìṣe kọ̀ọ̀kan ń sọ bí nǹkan àti ara ṣe pàdé, ohun tí dókítà sì fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn: èyí tí a so mọ́ ọwọ́ máa ń mì, èyí tó lẹ̀ mọ́ awọ máa ń bá awọ lọ. Nítorí náà, àsomọ́wọ́ ni aago, àlẹ̀mára ni awẹ́ ròbà yẹn. Bí a bá ń wá orúkọ ìdílé fún gbogbo wọn, àfisára tó.

Ó wá kan ohun tó ń ka ara gan-an, tí Òyìnbó ń pè ní sensor. Àwọn kan ní "aṣàwárí". Ohun tó fara pamọ́ là ń ṣàwárí. Ìgbóná ara kò fara pamọ́. Àwọn mìíràn ní "akíyèsí", ṣùgbọ́n iyè ló wà nínú kíyèsí, ẹ̀rọ kò sì ní iyè. Sẹ́ńsọ̀ kò ní ṣàlàyé ohunkóhun fún ìyá tó jókòó sí ọsibítù. Amọ̀lára ni tèmi: mọ̀, ní, ara. Ìwé ìtàn àti ìwàásù ti fẹ́ sọ ìmọ̀lára di ti ọkàn nìkan, ẹ jẹ́ ká gbà á padà fún ara tó ni ín.

Ẹnìkan lè ní "mọ̀" ti pọ̀ jù fún ẹ̀rọ tó lè ṣì. Òótọ́ ni pé ó ń ṣì. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní 2020 fi hàn pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka láti ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ máa ń gbójú fo àìtó ọ́síjìn aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Ṣùgbọ́n "lára" ló gba ọ̀rọ̀ náà là. Lára ta ni ó ti mọ̀ ọ́n? Orúkọ náà fún aláìsàn láyè láti béèrè bóyá wọ́n ti dán an wò lára irú tirẹ̀.

"Ọlọ́gbọ́n" ló léwu jù. Ètò kọ̀ǹpútà inú ẹ̀rọ náà á kọ́ bí ọkàn ṣe máa ń lù. Bí ìlù náà bá yà, á ké sí olówó rẹ̀. Fura la ń pe ìyẹn: fu, ara. "Ara fu mí" la ń wí, nítorí ara ló kọ́kọ́ gbọ́ kí ọkàn tó mọ ìdí rẹ̀. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Wọn kò sọ pé ìfura ni ìdájọ́. Nínú ìwádìí tí Yunifásítì Stanford àti ilé-iṣẹ́ Apple gbé jáde ní 2019, ó lé ní 400,000 ènìyàn tó so aago mọ́ ọwọ́. Àwọn tí aago ké sí pé ọkàn wọn ń lù ségesège kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n fi àlẹ̀mára ránṣẹ́ sí wọn. Nínú àwọn tó lò ó tí wọ́n sì dá a padà, 34 nínú 100 ni ó bá ìlù ségesège náà lára wọn. Aago fura, àlẹ̀mára yẹ̀ ẹ́ wò, dókítà ló dájọ́. Ẹni tí a bá sọ fún pé ọlọ́gbọ́n ló wà lọ́wọ́ òun lè má lọ rí dókítà mọ́.

Ẹ̀yin oníròyìn àti ẹ̀yin tó ń túmọ̀ ìwé ìlera, mo bẹ̀ yín: ẹ pe èyí tó wà láyà ní amọ̀lára àlẹ̀mára, ẹ pe ètò tó ń ta wá lólobó ní afura, kí ẹ sì yọ ọlọ́gbọ́n kúrò níbẹ̀.