ARETHA FRANKLIN: ORIN ILÉ TÓ DI ORIN AYÉ

Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Òwe yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ àwa ọmọ Yorùbá tí a ń gbé ní Òkè Ọya nìkan. Ó bá gbogbo ẹni tó kúrò nílé baba rẹ̀ lọ wá oúnjẹ òòjọ́ wí. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jọ yẹ ìtàn obìnrin olórin kan wò, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Aretha Franklin.

Ìlú Memphis, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 25, oṣù kẹta, ọdún 1942. Ìdílé àgbẹ̀ ní Mississippi ni bàbá rẹ̀, Àlùfáà C. L. Franklin, ti wá. Láàárín nǹkan bí ọdún 1910 sí 1970, bíi mílíọ̀nù 6 aláwọ̀ dúdú ló kó kúrò ní gúúsù Amẹ́ríkà lọ sí àríwá àti ìwọ̀-oòrùn. Òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà àti òṣì ló lé wọn. Ìdílé Franklin náà kọ́kọ́ lọ sí Buffalo, kí wọ́n tó dé Detroit, ìlú àwọn tó ń ṣe mọ́tò, ní 1946.

Ẹrù tí àwọn èèyàn wọ̀nyí gbé kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fi orin wọn sílẹ̀. Bí wọ́n ti ń kọ ọ́ ní gúúsù náà ni wọ́n ń kọ ọ́ ní ìjọ Onítẹ̀bọmi New Bethel, tí Àlùfáà Franklin ń darí. Gbajúmọ̀ oníwàásù ni bàbá yìí, àwo ìwàásù rẹ̀ sì tà káàkiri. Àwọn ọ̀gá olórin ẹ̀mí bíi Mahalia Jackson àti Clara Ward a máa yà sílé wọn. Ìyá Aretha ti kúrò nílé ọkọ ní 1948. Ó kú ní 1952, kí ọmọ náà tó pé ọdún 10. Nínú ilé yìí ni Aretha ti fi etí lásán kọ́ títẹ dùùrù. Ní 1956, nígbà tó di ọmọ ọdún 14, wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìjọ bàbá rẹ̀.

Ní 1960, ó bá ilé-iṣẹ́ Columbia ní New York tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Nǹkan bí ọdún 6 ló lò níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fún un ní orin jáàsì lónìí, ni wọ́n ń fún un ní orin orí ìtàgé lọ́la. Ohùn rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n àwo rẹ̀ kò tà tó bó ṣe yẹ, nítorí aṣọ aláṣọ ni wọ́n wọ̀ fún un.

Nígbà tó bọ́ sí ilé-iṣẹ́ Atlantic, Jerry Wexler tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ní kó jókòó sídìí dùùrù, kó kọrin bó ṣe ń kọ ọ́ nílé. Ní 1967, ó gbé orin "Respect" jáde, èyí tí Otis Redding ti kọ ní 1965. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Erma àti àbúrò rẹ̀ Carolyn ló gbè é fún un. Ọkọ tó ń béèrè ọ̀wọ̀ lọ́wọ́ aya ni orin Redding. Aretha sọ ọ́ di ti obìnrin, àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn náà sì gbà á bíi tiwọn. Orin ayé ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n lílé àti gbígbè rẹ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Àwọn kan ní ó ti fi ìjọ sílẹ̀. Ní oṣù kìíní 1972, ó fi alẹ́ méjì kọ orin ẹ̀mí nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Los Angeles, pẹ̀lú Àlùfáà James Cleveland, tó ti bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ orin ní Detroit. Bàbá rẹ̀ dìde níbẹ̀, ó jẹ́rìí pé ọmọ òun kò fìgbà kan kúrò nínú ìjọ. Àwo náà, "Amazing Grace", tà ju mílíọ̀nù 2 lọ ní Amẹ́ríkà.

Ní 1979, àwọn olè yìnbọn lu bàbá yìí nínú ilé rẹ̀. Kò mọ ara rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú ní 1984. California ni Aretha ń gbé nígbà náà, ṣùgbọ́n ní 1982 ó kó padà sí ẹ̀bá Detroit nítorí bàbá rẹ̀. Ní 1987, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí Rock and Roll Hall of Fame. Ẹ̀bùn Grammy 18 ló gbà. Ó kú ní Detroit ní ọjọ́ 16, oṣù kẹjọ, ọdún 2018, lẹ́ni ọdún 76. Kí wọ́n tó sin ín, wọ́n tẹ́ òkú rẹ̀ sí New Bethel kí àwọn èèyàn lè wá dágbére fún un.

Ẹ̀yin òbí, àwọn ọmọ wa níhìn-ín gbọ́ Haúsá, wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n bí a bá lé orin ilé wa, ta ni yóò gbè é nínú wọn? Ọjọ́ àjọ̀dún kan ṣoṣo lọ́dún kò lè kọ́ ọmọ lórin. Ojoojúmọ́ ni Aretha ń gbọ́ ti ilé wọn, òun náà ló sì gbé e dé iwájú ayé. Ẹ jẹ́ kí a máa kọrin wa nínú yàrá wa, kí a máa pàlọ́ fún wọn lálẹ́. Olódùmarè kò ní jẹ́ kí orísun wa gbẹ. Àṣẹ.